Fádà ló dá a lábàá: ṣé Big Bang ń jẹ́rìí sí Ọlọ́run ni, àbí ó ń takò Ó?

Ọmọ_Ọ̀ṣun

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín wa ní ilé-ẹ̀kọ́, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà níhìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ajíhìnrere ní Big Bang, ìyẹn àbá pé inú ìgbóná ńlá kan ni gbogbo àgbáńlá ayé ti fẹ̀ wá, ni sáyẹ́ǹsì fi fọwọ́ sí orí kìíní ìwé Jẹ́nẹ́sísì, pé “Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà” gan-an ni wọ́n rí. Ẹlòmíì nínú wa yarí kanlẹ̀, ó ní bí àgbáńlá ayé bá lè ti inú ìgbóná kan gbòòrò títí ó fi di báyìí, iṣẹ́ wo ló wá kù fún Ẹlẹ́dàá? Ẹnì kẹta wá dá sí i pé fádà ìjọ Àgùdà ni ẹni tó kọ́kọ́ mú àbá náà wá. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì?

Tísà_Físíìsì

Òótọ́ ni, àbúrò. Georges Lemaître ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó di fádà ní 1923, lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Louvain. Ní 1927 ó tẹ ìwádìí kan jáde lédè Faransé. Ìṣirò Einstein ló lò, ó sì fi hàn pé àgbáńlá ayé kò dúró sójú kan, pé ńṣe ló ń fẹ̀. Alexander Friedmann ní Rọ́ṣíà ti rí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní 1922, ṣùgbọ́n Lemaître ló so ó mọ́ ohun tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ń rí lójú ọ̀run. Nígbà tí òun àti Einstein pàdé ní Brussels lọ́dún 1927 kan náà, Einstein sọ fún un lójú pé ìṣirò rẹ̀ pé, àmọ́ físíìsì rẹ̀ burú jáì. Fádà kò torí ìyẹn sinmi. Ní 1931 ó sọ pé bí a bá tọ ipasẹ̀ ìfẹ̀ yìí padà sẹ́yìn, a óò dé ìgbà tí gbogbo ohun tó wà lóde òní ṣù jọ bí átọ̀mù kan ṣoṣo.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò rèé. Inú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature ni ọ̀rọ̀ 1931 yẹn ti jáde, kò sì gùn rárá. Nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn dárúkọ Ọlọ́run. Ó ní ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ló gbé gbogbo nǹkan ró yóò gbà pẹ̀lú pé Ọlọ́run tó fara pa mọ́ ni, inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè dùn láti rí i bí físíìsì ṣe ta aṣọ bo ìṣẹ̀dá. Fádà fúnra rẹ̀ ló fa igi lé ìpínrọ̀ náà, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ yẹ̀, torí fádà ló jẹ́ títí ó fi kú ní 1966. Kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò òun ṣe ìwàásù ni.

Ní November 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vatican pé sáyẹ́ǹsì òde òní ti ń jẹ́rìí sí “Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà” ti àtètèkọ́ṣe. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ajíhìnrere sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ká Lemaître lára. Lójú rẹ̀, àbá tí ìwádìí tuntun lè yí padà lọ́la ni Póòpù ń gbé ìgbàgbọ́ kà. Nígbà tí Póòpù tún bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ní 1952, kò tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ mọ́. Ní 1958, Lemaître sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àbá òun kò sí lára ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, pé ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lómìnira láti dúró síbi tó wà.

Nítorí náà, lójú tèmi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ni kò jàre. Ẹrù tí Big Bang kò lè rù ni wọ́n dì lé e lórí.

Adé_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú àlàyé, Tísà. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ń dí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní nǹkan bú. Kí ló bú? Ibo ló ti bú? Bí bọ́ǹbù bá bú ní Òjòdú, àwa tó wà ní Bẹ́rẹ́jà á mọ apá ibi tí èéfín ti ń bọ̀. Apá ibo lójú ọ̀run ni àárín gbùngbùn rẹ̀ wà?

Tísà_Físíìsì

Kò sí nǹkan kan tó bú, ẹ̀gbọ́n. Fred Hoyle, onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pè é ní “Big Bang” lórí rédíò BBC ní March 1949, Hoyle fúnra rẹ̀ kò sì gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Bondi àti Gold, ní lọ́kàn láti 1948 ni pé àgbáńlá ayé kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin, pé bó ṣe ń fẹ̀ ni ohun tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo. Orúkọ náà ló lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló sì ń ṣi gbogbo ayé lọ́nà.

Mú rọ́bà tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń so owó, gé e kó di okùn kan, fi báírò tó àmì márùn-ún sí i, kí o wá fà á. Àmì èyíkéyìí tí o bá fi ara rẹ sí, àwọn yòókù á máa jìnnà sí ọ, èyí tó jìnnà jù á sì máa yára jù. Kò sí èyí tó jẹ́ àárín nínú wọn. Àlàfo fúnra rẹ̀ ló ń nà, àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kò sá lọ síbì kankan.

Edwin Hubble fi ẹ̀rí èyí hàn ní 1929, láti orí òkè Mount Wilson ní California: bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà tó ni ó ń yára lọ tó. Orúkọ tí a kì í sábà dá nínú ìtàn yìí ni ti Henrietta Leavitt, tó jókòó ti àwòrán ojú ọ̀run ní Harvard, tó sì rí i pé irú ìràwọ̀ kan wà tó ń mọ́lẹ̀, tó ń ṣókùnkùn, tó tún ń mọ́lẹ̀, àti pé iye ọjọ́ tó ń gbà á ló ń sọ bí iná rẹ̀ ṣe lágbára tó ní ti gidi. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1912. Bí o bá ti mọ bí iná ṣe lágbára tó, tí o sì rí bó ṣe ṣú lójú rẹ tó, o lè ṣírò bó ṣe jìnnà tó. Orí rẹ̀ ni Hubble gbé ìwọ̀n tirẹ̀ kà.

Onírédíò_Mushin

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láti kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn ńlá, ẹ rántí pé bí wọ́n bá ti pa ètò dé lóru, ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́ wúruwùru, funfun dúdú, á sì máa hó ṣáá. Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ariwo yẹn ló ti ìgbóná ìbẹ̀rẹ̀ àgbáńlá ayé wá. Gbogbo wa ló ti gbọ́ ọ tí a dìde lọ pa á.

Arno Penzias àti Robert Wilson ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ní Holmdel, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní 1964. Èrìàlì onírìísí ìwo kan tí ilé-iṣẹ́ Bell kọ́ fún gbígba ìgbì tó ń ta bọ̀ láti ara sátẹ́láìtì ni wọ́n fẹ́ fi wo ọ̀run. Ariwo kan wà nínú rẹ̀ tí kò lọ. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìlú New York, kò pọ̀ sí i. Wọ́n kọjú rẹ̀ sókè, kò dín kù. Ọ̀sán, òru, ẹ̀ẹ̀rùn, òtútù, bákan náà ni. Ẹni tó ti tún rédíò ṣe rí mọ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀rọ tiwọn. Wọ́n fi téèpù alumíníọ̀mù lẹ gbogbo ojú ìdè. Wọ́n bá ẹyẹlé méjì nínú ọ̀fun èrìàlì náà, ìgbẹ́ wọn ti bo ògiri rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹyẹlé lọ síbi tó jìnnà, ẹyẹlé padà wálé. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, wọ́n yìnbọn fún wọn, wọ́n fọ inú èrìàlì mọ́ tónítóní. Ariwo kò lọ. Ó dúró bí ooru ìwọ̀n Kelvin 3.5 (òdo Kelvin ni òtútù tí kò sí èyí tó tún tutù jù ú lọ), láti gbogbo ìhà ojú ọ̀run lọ́gbọọgba.

Nítòsí ibẹ̀, ní Princeton, Robert Dicke àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń to ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti wá ariwo yìí gan-an, torí wọ́n ti ṣírò pé bí ayé bá fi ìgbà kan gbóná gidigidi, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì kù. Tẹlifóònù dún, Penzias ló pè. Bí Dicke ṣe gbé e sílẹ̀, ó sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti gba iwájú wọn lọ. Ìwádìí méjèèjì jáde pa pọ̀ ní 1965, Penzias àti Wilson sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978. Èyí tó dùn mí ni pé Ralph Alpher àti Robert Herman ti ṣírò rẹ̀ láti 1948 pé yóò wà ní nǹkan bí Kelvin 5, ẹnikẹ́ni kò sì kọbi ara sí wọn.

Màmá_Kíkẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mo gbọ́ ti ariwo, mo gbọ́ ti rọ́bà. Ṣùgbọ́n kí ló mú yín dá ooru yẹn lójú pé ti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni? Ooru púpọ̀ ló wà lójú ọ̀run. Oòrùn nìkan ti tó.

Tísà_Físíìsì

Ìbéèrè àgbà nìyẹn, Màmá. Ooru oòrùn apá kan ló ti ń wá. Èyí ń ti gbogbo ìhà wá lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ìhà kan sí òmíràn kò ju ìdá kan nínú 100,000. Sátẹ́láìtì COBE tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1989 wọ̀n ọ́n, iye tí a mọ̀ ọ́n sí báyìí jẹ́ Kelvin 2.725, bó sì ṣe pín ara rẹ̀ bá ohun tí ìṣirò sọ pé ooru ohun gbígbóná kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ rí mu, láìyẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn bọ́ sí òmìnira nígbà tí àgbáńlá ayé tó nǹkan bí ọdún 380,000. Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ibi gbóná débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè rìn jìnnà kó tó kọlu nǹkan. Nínú àyè sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóròó àti lóòró níwájú yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, nǹkan bí irinwó ẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yẹn ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀rí kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá wọn àwọn ohun tó tíì gbó jù lójú ọ̀run, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo gáàsì inú wọn ló jẹ́ hílíọ̀mù, èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì háídírójìn. Àwọn ìràwọ̀ ń ṣe hílíọ̀mù lóòótọ́, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò ohun tí ìgbóná ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ lè sè, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ló ń jáde. Sátẹ́láìtì Planck ló wá jẹ́ kí a mọ ọjọ́ orí gbogbo rẹ̀: bílíọ̀nù ọdún 13.8.

Ààfáà_Ìlọrin

Àsàláámù aláékùm, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń jà lé lórí yìí, àwọn àgbà Mùsùlùmí ti jà á tán láì sí awò awọ̀nàjíjìn lọ́wọ́ wọn. Ìmáàmù al-Ghazali, tó kú ní 1111, ní ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ayé ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibn Sina, tó ti kú kí wọ́n tó bí i, ni ó ń dá lóhùn. Ibn Sina gbà pé ayé kò ní ọjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún gbà pé Ọlọ́run ló ń gbé e ró nígbà gbogbo. Ibn Rushd ti Córdoba wá dìde lẹ́yìn ikú al-Ghazali láti gbèjà àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí.

Mùsùlùmí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ lè gbà pé ayé ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè má gbà bẹ́ẹ̀. Thomas Aquinas láàárín àwọn Kírísítẹ́nì náà sọ pé ìgbàgbọ́ ló fi yé òun pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, pé làákàyè nìkan kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ bá sọ lọ́la pé nǹkan wà ṣáájú Big Bang, èmi yóò kí ìrun mi.

Olùbéèrè_Àkúrẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Ààfáà, ṣùgbọ́n èmi kò gba ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ al-Ghazali. Inú ayé yìí la ti kọ́ pé nǹkan ní okùnfà: àpótí ní gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ ní ìyá. Kí ló fún wa láṣẹ láti mú ohun tí a kọ́ láti ara àwọn nǹkan inú ayé, kí a fi lé gbogbo ayé lórí lápapọ̀? Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá Fádà Copleston jiyàn lórí rédíò BBC ní 1948, ohun tó sì sọ ni pé àgbáńlá ayé kàn wà ni, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn onímọ̀ físíìsì sì ń sọ fún wa pé nínú òfìfo pàápàá, ẹ̀rún kéékèèké ń yọ, wọ́n ń wọlé, láì sí ohun kan pàtó tó fà á. Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ kò lè yọ bẹ́ẹ̀? Mi ò sọ èyí láti bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó.

Àdùnní_Ifẹ̀

Iṣẹ́ ìkọ́ni ní ọgbọ́n orí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ wá.

Olùbéèrè, ọ̀rọ̀ rẹ nípa gbẹ́nàgbẹ́nà lágbára, David Hume ti Scotland náà gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti òfìfo yẹn kò dúró. Òfìfo tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń sọ kì í ṣe àìsí rárá. Ó ní àlàfo, ó ní agbára, ó ní òfin tó ń tẹ̀ lé. Mú gbogbo ìyẹn kúrò ná, kí o tó sọ pé kò sí nǹkan kan. Leibniz, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Jámánì, béèrè ní 1714 pé kí ló dé tí nǹkan wà dípò kí ohunkóhun má sí rárá. Ẹni tó bá dáhùn pé òfin físíìsì ló bí gbogbo rẹ̀ ti gbà pé òfin wà níbẹ̀, ìbéèrè Leibniz á sì tún dé bá òfin náà.

Ibi tí mo ti wà lẹ́yìn Russell ni pé gbogbo àlàyé ló ní ibi tó ń dúró. Ààfáà dúró sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó ní Òun kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò nílò okùnfà. Russell dúró sọ́dọ̀ àgbáńlá ayé fúnra rẹ̀. Ibi ìdúró wo ló tẹ́ làákàyè lọ́rùn jù? Ìjà gidi wà níbẹ̀, ó sì tó jà. Kò sí awò awọ̀nàjíjìn tó máa bá wa dá a.

Ọmọ_Awo

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Ilé awo ni wọ́n bí mi sí, mo sì ń rí ohun tí àwọn ọmọ wa ń gbé kiri lórí fóònù, pé Ifá ti sọ Big Bang tipẹ́, pé ẹ̀wọ̀n tí Ọbàtálá bá sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n àbùdá (DNA) inú ẹ̀jẹ̀, pé títàn tí adìyẹ tan iyẹ̀pẹ̀ ni ìfẹ̀ àgbáńlá ayé. Ó ń bà mí nínú jẹ́.

Ẹ gbọ́ ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Olódùmarè wà lókè, omi tẹ́ lọ súà nísàlẹ̀. A fún Ọbàtálá ní iyẹ̀pẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà gba iṣẹ́ náà ṣe. Iyẹ̀pẹ̀ dà sórí omi, adìyẹ tàn án, ilẹ̀ sì fẹ̀. Agẹmọ wá sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti le tó láti gbé. Ìtàn bí ilẹ̀ ṣe di ibùgbé ènìyàn nìyẹn, àti bí Ifẹ̀ ṣe di orírun. Omi ti wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Òkè ti wà. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò sọ pé àwọn mọ ìgbà tí omi dé. Ẹni tó bá fi agbára mú un kó di físíìsì ti gba ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fún un ní nǹkan kan dípò. Fádà tó fa igi lé ìpínrọ̀ tirẹ̀ yẹn, mo kí i.

Ìròyìn_Yàjóyàjó

Ṣebí James Webb ti fọ́ Big Bang túútúú? Mo rí fídíò tó sọ bẹ́ẹ̀.

Tísà_Físíìsì

Rárá o. Awò awọ̀nàjíjìn James Webb gbéra ní December 25, 2021, ó sì rí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó tètè dàgbà ju bí a ṣe rò lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní JADES-GS-z14-0 ti ń tàn nígbà tí àgbáńlá ayé kò tíì ju nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 290 lọ. Ìyẹn da ìṣirò wa nípa bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń dàgbà rú. Kò fọwọ́ kan ooru Kelvin 2.725, kò fọwọ́ kan hílíọ̀mù.

Bí o bá fẹ́ wàhálà gidi, ó wà. Bí a bá fi ooru àtijọ́ ṣírò bí àgbáńlá ayé ṣe ń yára fẹ̀, a ó rí nǹkan bí kìlómítà 67 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, fún gbogbo mílíọ̀nù ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ 3.26 tí nǹkan bá fi jìnnà sí wa. Bí a bá fi àwọn ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa wọ̀n ọ́n, a ó rí nǹkan bí 73. Nọ́ńbà méjèèjì kò tíì bára dọ́gba. Ohun tí a sì lè fojú rí, ìràwọ̀, ayé, èmi àti ìwọ, kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó wà lọ.

Ọmọ_Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rẹ́ mi ajíhìnrere náà ti ń kà á. Ìbéèrè tó ní kí n bi yín ni pé: kí ló wà ṣáájú?

Àdùnní_Ifẹ̀

Augustine, ọmọ Thagaste ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, gbọ́ ìbéèrè yìí ní nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn: kí ni Ọlọ́run ń ṣe kó tó dá ayé? Ó ní ẹnì kan ti dáhùn pé Ó ń pèsè ọ̀run àpáàdì fún àwọn atọpinpin, ó sì ní òun kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀, nítorí kò yẹ kí a fi ìbéèrè tó jinlẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé àkókò pàápàá wà lára ohun tí a dá. Bí kò bá sí àkókò, kò sí “ṣáájú”. Mi ò tíì rí ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání jù ú lọ, bóyá ènìyàn gba Ọlọ́run gbọ́ tàbí kò gbà.

Tísà_Físíìsì

James Hartle àti Stephen Hawking náà dé etí ibẹ̀ ní 1983. Nínú ìṣirò tiwọn, bí a bá ṣe ń sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni àkókò ń pàdánù ìwà àkókò, tí kò fi ní etí kankan tí a lè na ọwọ́ sí. Roger Penrose kò gbà. Ó ní ayé mìíràn ti gbó tán ṣáájú tiwa. Àbá ni gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tó ní ẹ̀rí tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo Holmdel.

Èyí tí a lè yẹ̀ wò láìpẹ́ ni ti Alan Guth, tó ní àgbáńlá ayé fẹ̀ lójijì, kọjá àfẹnusọ, nínú ìdá bíńtín ìṣẹ́jú-àáyá kìíní. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbì òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ (gravity) gbọ́dọ̀ ti fi àpá sára ooru àtijọ́ yẹn. Ní March 2014 àwọn oníṣẹ́ BICEP2 ní ìkángun gúúsù ayé kéde pé àwọn ti rí àpá náà. Kí 2015 tó jìnnà, wọ́n bá ti Planck pa á pọ̀, wọ́n sì rí i pé eruku inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa ló gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ṣì ń wá a báyìí, níbẹ̀ àti ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ibẹ̀ ni kó máa fetí sí.